Yàrá Tí Omi Ò Gbọdọ̀ Wọ̀

A kì í bá omi ṣọ̀tá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá lẹ́nu àwọn àgbà nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́, torí ọmọ Òṣogbo ni mí, etí odò ni wọ́n bí mi sí. Ta ló máa sọ fún mi pé omi ní ọ̀tá láyé? Àfi ìgbà tí mo dé ìlú òyìnbó tí mo fojú ara mi rí i. Irin ni. Irin tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì lè gé e bí ọṣẹ. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, á máa dán bíi fàdákà, inú òróró la sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Sódíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Bí omi bá kàn án báyìí, iná dé. Inú iyọ̀ tí gbogbo wa ń fi se ọbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ẹ gbọ́ nǹkan!

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nílé, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná, mo yege, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà mí síṣẹ́. Bátìrì tuntun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Epo mọ́tò ti di ọ̀wọ́n gógó káàkiri ayé, wọ́n ń wá bátìrì tó máa lè wa ọkọ̀, tí kò ní wúwo bíi bátìrì olójé tí gbogbo wa mọ̀.

Ọjọ́ tí mo ń kúrò nílé, bàbá mi kò ṣe àdúrà gígùn. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n tún jẹ́ àfáà ládùúgbò wa. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Mi ò ní kí o fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Ìrun ni mo bẹ̀ ọ́. Ibi yòówù kí o wà, má fi ìrun sílẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà kí wọ́n tó fẹ́ bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ti ìrun. Kí òtútù má ṣáà pa ọmọ mi."

Òtútù náà ò pa mí, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Òjò wọn gan-an ló kọ́kọ́ ya mí lẹ́nu. Nílé wa, bí òjò bá máa rọ̀, á ṣú, á sán ààrá, á rọ̀, á dá, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Òjò tiwọn ò níjà. Ó kàn ń rin èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń bú èèyàn lábẹ́nu. Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ pé ẹ kú àárọ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ gba báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó, mo ń wo ìta, mo ní nínú ara mi pé, ó mà ṣe o, bóyá wọ́n jí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ti tì, títì á dá páropáro, èmi á jókòó sí yàrá mi, n máa gbọ́ aago ara ògiri onílé mi. Ìgbà kan wà tí iná mànàmáná ń lọ lọ́dọ̀ wọn náà. Onílé mi tan àbẹ́là, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òun ló pa iná. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó fọkàn balẹ̀, ojú mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí òkùnkùn. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti rẹ̀ kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀ tó gùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bátìrì wa bí mo ṣe padà ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Ẹ mú agolo irin kan. Ẹ ti ọ̀pá amọ̀ funfun bọ inú rẹ̀, amọ̀ tí wọ́n sun títí tó fi le koránkorán, tí inú rẹ̀ ní ihò, tí ìdí rẹ̀ dí. Sódíọ̀mù wà nínú ọ̀pá amọ̀ yìí. Ní ìta rẹ̀, láàárín òun àti agolo, imí-ọjọ́ ló wà níbẹ̀, imí-ọjọ́ kan náà tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà ń tà fún ẹni tí ara ń yún. A ó dáná sí i títí méjèèjì á fi yọ́. Wọ́n ń wá ara wọn, amọ̀ ló là wọ́n láàárín. Amọ̀ yẹn á jẹ́ kí sódíọ̀mù máa yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, ibi tó ti ń yọ́ kọjá yẹn la ti ń rí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá là pẹ́nrẹ́n, àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, agolo á gbiná, iná yẹn sì lè jó irin.

Iṣẹ́ tèmi ni pé bí amọ̀ bá là, kí iná má lè tàn dé ọ̀dọ̀ agolo kejì. Mo ya àwòrán páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a máa ń fi sínú ọ̀pá amọ̀, tí ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, kí sódíọ̀mù máa jò bí ẹmu ṣe ń jò lẹ́nu akèrègbè tí wọ́n fi ewé dí. Ẹ má bi mí bí ọmọ àfáà ṣe mọ ti akèrègbè ẹmu. A ó wá máa mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ àwọn ọ̀pá amọ̀ náà, ká lè rí i bóyá páìpù yẹn á dá iná dúró. Iṣẹ́ tí mo fi yangàn nìyẹn, torí orí mi ló ti jáde.

Yàrá kan ṣoṣo la ti ń ṣe é, omi ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé tíì wọlé. Aṣọ tí òjò pa ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fọwọ́ kan omi gbọ́dọ̀ nu ara rẹ̀ gbẹ, kó pààrọ̀ aṣọ, kó dúró díẹ̀ kó tó padà wá. Àwọn garawa pupa tó kún fún iyanrìn gbígbẹ ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí bí sódíọ̀mù bá ń jó, iyanrìn la máa dà lé e. Bí bátìrì bá sì ti gbóná, ẹni méjì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Èmi àti Bíìlì la jọ ń ṣọ́. Ọmọ ìlú náà ni Bíìlì, ẹlẹ́ẹ̀ẹ́fẹ̀ ni, kò sí nǹkan tí kò lè fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìrun wá di wàhálà. Àárín iṣẹ́ ni ìrun àìlà tọ̀sán bọ́ sí, àlàsárì tìrọ̀lẹ́ náà bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà òtútù tí oòrùn wọn máa ń tètè wọ̀. Bí mo bá jáde lọ ṣe àlùwàlá, kí n tó gbẹ, kí n tó pààrọ̀ aṣọ, Bíìlì nìkan ló kù nídìí iná. Ó fara dà á títí, ó sú u, ó lọ sọ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá wa, Mísítà Wọ́dù, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo, pè mí. Ó ní, "Mi ò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni mo fẹ́ nínú yàrá yẹn. Bí o bá gbọ́dọ̀ máa jáde, màá gbé ọ lọ sí ọ́fíìsì, kí o máa ya àwòrán níbẹ̀. Wá fún mi lésì lọ́jọ́ Ajé."

Ọ́fíìsì! Kí ẹlòmíràn máa dán páìpù mi wò, kí n máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀ bí àlejò? Inú mi bàjẹ́ gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi, ìlérí ni. Mi ò lè sọ ọ̀kan nù, mi ò sì rí bí mo ṣe lè di méjèèjì mú.

Mo fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sílé pé kí bàbá mi wá dúró de ìpè mi ní póòsì ọ́fíìsì Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Nígbà yẹn, kí fóònù tó wọlé, oríire ni. Mo gbìyànjú títí, ó wọlé.

"Ẹ káàsán, Bàbá!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Pariwo! Àfi bí ẹni pé inú kànga lo ti ń sọ̀rọ̀!"

Mo pariwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti irin, ti omi, ti ọ́fíìsì. Wọ́n dákẹ́ débi pé mo rò pé wáyà ti já. Ẹ̀rín ni mo kàn gbọ́.

"Ọmọ yìí, gbogbo ilé kéú tí mo rán ọ lọ, kí lo lọ ṣe níbẹ̀? Bí omi ò bá sí, tàbí tí omi bá máa pa èèyàn lára, kí ni Ọlọ́run ní ká ṣe?"

Ìtìjú mú mi. Bàbá mi fúnra wọn ló dá a lóhùn.

"Táyàmọ́mù! Àbí iyanrìn ò sí nílùú òyìnbó ni?"

"Ó wà, Bàbá. Garawa rẹ̀ wà nínú yàrá náà gan-an."

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́ ju ti ojúde wa lọ."

"Ó tán nìyẹn! Fọwọ́ lù ú, fẹ́ ẹ, fi pa ojú àti ọwọ́ rẹ, kí o kírun rẹ. Ọlọ́run ò gbé ẹ̀sìn kalẹ̀ láti fi ni ẹnikẹ́ni lára."

Mo gbọ́ tí àwọn èrò póòsì ọ́fíìsì ń ṣe àmín, àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn rárá. Ìyá mi já fóònù gbà, wọ́n ní, "Ṣé o ń jẹun?" Kí n tó dáhùn, wáyà já lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá Mísítà Wọ́dù, mo ní mi ò ní jáde mọ́, iyanrìn ni mo máa fi ṣe é. Ó wò mí títí.

"Iyanrìn wo?"

"Ti inú garawa, sà."

"Iyanrìn mi?"

"Iyanrìn yín, sà. Kì í tán."

Ó họrí, ó ní kí n máa lọ. Bí mi ò ṣe dé ọ́fíìsì nìyẹn.

Bíìlì rí ohun tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí garawa, á ní, "Ọ̀gbẹ́ni Oníyanrìn, ilé lo fẹ́ kọ́ ni?" Mo máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, yàrá tìẹ ló sì máa kéré jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé bí mo bá ti kọjú sí gábàsì, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Á rọra máa ṣọ́ bátìrì títí n máa fi parí.

Mo ti pẹ́ nílùú yẹn, àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ forí kanlẹ̀ nínú yàrá yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí mo bá wọ ibi kankan, ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n máa tó bi pé ta ló pè é. Ibi tí èèyàn bá ti lè forí kanlẹ̀ láìbẹ̀rù, ibẹ̀ ti di tirẹ̀ díẹ̀. Mi ò di òyìnbó, mi ò sì bẹ wọ́n pé kí wọ́n sọ mí dà á. Ọmọ Òṣogbo tó ń ṣe bátìrì ni mí, ó tó mi.

Ọjọ́ kan wá dé tí àwọn èèyàn ìjọba tó ń ti iṣẹ́ wa lẹ́yìn ní àwọn fẹ́ wá wo bátìrì tí wọ́n ń sọ pé ó lè jó ilé. A ó fọ́ ọ̀kan lójú wọn. Bí wọ́n bá rí i pé kò séwu, iṣẹ́ á máa lọ. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á tì wá pa, kálukú á wá ibòmíràn gbà lọ. Láti àárọ̀ ni a ti ń dáná sí àwọn agolo. Àwọn àlejò dé, wọ́n ń mu tíì ní ilé kejì.

Àìlà tó. Mo ní bìsìmílà, mo fọwọ́ lu iyanrìn, mo gbé e sókè, mo fẹ́ ẹ. Kò fò. Mo tún fẹ́ ẹ. Ó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pinpin. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀kán omi kan tó rọ̀ dirodiro lára òrùlé, lókè àwọn garawa gan-an. Òjò aláìníjà yẹn ti rí ọ̀nà wọlé.

Mo ké pe Mísítà Wọ́dù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọ́ nǹkan kan. Iyanrìn yìí tutù."

Bíìlì ní, "Ó tutù díẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ti mu tíì tán!"

"Díẹ̀ ńkọ́? Iná sódíọ̀mù lo fẹ́ da omi lé!"

Mísítà Wọ́dù ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ki ọwọ́ bọ garawa, ó yọ ọ́, ó wò ó. Ó ní ká gbé garawa kan lọ sí àgbàlá, níbi tí wọ́n bo òkè rẹ̀. A dúró sẹ́yìn gíláàsì tó nípọn, ó fi irin gígùn ju sódíọ̀mù gbígbóná tó tó hóró ẹ̀wà kan sí i. Gbàmù! Garawa fò sókè, iyanrìn àti iná tú sára gíláàsì níbi tí ojú wa wà. Ojú Bíìlì, tó funfun tẹ́lẹ̀, tún wá funfun sí i. Hóró ẹ̀wà kan nìyẹn o. Èyí tó wà nínú agolo ju ìkúùkù lọ.

Mísítà Wọ́dù lọ bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ó wá ní kí èmi àti Bíìlì sọ fún òun bí iyanrìn ṣe máa tètè gbẹ. Mo ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Inú iyanrìn gbígbóná ni ìyá mi ti máa ń yan ẹ̀pà, iyanrìn ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń yan kí ẹ̀pà tó wọ̀ ọ́. A tẹ́ ẹ sórí páànù fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, a gbé e sórí iná ní yàrá mìíràn, èmi àti Bíìlì bọ́ kóòtù, a mú ṣọ́bìrì, à ń rò ó bí ẹni ń yan gàárì. Òógùn bò wá. Mo ń fọwọ́ kàn án, mò ń fẹ́ ẹ, títí ó fi fò bí eruku ọyẹ́. Mo wá fi èyí tí kò gbóná mọ́ lára rẹ̀ ṣe táyàmọ́mù mi, mo kírun mi, mo ní ó yá.

Àwọn àlejò dúró sẹ́yìn gíláàsì. Mísítà Wọ́dù fọ́ ọ̀pá amọ̀ àkọ́kọ́. Agolo náà gbóná, ó pọ́n díẹ̀, ó sì tutù padà. Páìpù mi ṣiṣẹ́! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. Àfi bí agolo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí a ò fọwọ́ kàn, ṣe là níbi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Iná aláwọ̀ ìyeyè tú jáde, èéfín imí-ọjọ́ gba gbogbo yàrá. Èmi àti Bíìlì ti wọ ìbòjú wa. A ò wo ara wa. Ó gbé garawa kan, mo gbé garawa kan, a dà á lé e. Iná náà pòòyì lábẹ́ iyanrìn, ó kú. Àwọn agolo yòókù jókòó jẹ́ẹ́ ní ìdúró wọn.

Àgbà tó ṣáájú àwọn àlejò wọlé nígbà tí èéfín lọ tán, ó wo òkìtì iyanrìn yẹn, ó ní, "Ṣé èyí tó burú jù tó lè ṣe nìyẹn?"

Mísítà Wọ́dù ní, "Òun náà nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Kó tó di ọjọ́ kejì, Mísítà Wọ́dù ti kọ òfin tuntun sára ògiri: kí ẹnikẹ́ni tó dáná sí bátìrì, kó fọwọ́ lásán lu iyanrìn, kó fẹ́ ẹ, bí kò bá fò, kó má dáná. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Òṣogbo. Ó mi orí, ó ní kí n bá òun kí télọ̀ náà.

Nígbà tó yá, a gbé bátìrì wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Awakọ̀ ní kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sí èéfín, a kàn ń lọ yíká ọgbà bí ẹni tó ń yọ́ rìn. Bíìlì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Mi ò ní purọ́, omijé bọ́ lójú mi. Mo rántí pé omi ò gbọdọ̀ kan nǹkan tó wà lẹ́yìn mi, mo yára nù ún.

Mo tún pe ilé, ní póòsì ọ́fíìsì Òṣogbo. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gba fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Mo ṣàlàyé agolo, amọ̀ àti iná tí a gbé sínú ọkọ̀ rìn.

Wọ́n ní, "Amọ̀ ló wà láàárín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Àpáàdì nìyẹn! Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ìyá mi a máa kó ẹyin iná sínú àpáàdì, wọ́n á fi eérú bò ó, wọ́n á gbé e láti Iléṣà dé oko wa lọ́nà Iwaraja, kò ní kú, kò sì ní jó wọn. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko! Kí ni òyìnbó wá ń kọ́ ọ?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ìwúrí kún inú mi.

Bàbá mi gba fóònù. Mo wá sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn fún wọn. Bíìlì ló fẹ́ dáná. Ó fọwọ́ lu iyanrìn bí òfin ṣe wí. Ó fẹ́ ẹ, ó fò. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú rẹ̀, ó fi pa ọwọ́ ọ̀tún, ó fi pa tòsì, kó tó tan iná.

Mo ní, "Bíìlì, òfin ò sọ pé kí o pa ojú o."

Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Bí mo ṣe rí i tí o ṣe é lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, a sì jọ lọ sílé láàyè. Mi ò mọ èwo ló ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀kankan sílẹ̀."

Mo tún rò pé wáyà ti já.

Bàbá mi ní, "Má sọ fún un pé kò pọn dandan."

Mi ò sì sọ fún un títí mo fi padà sílé.